Ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà

Ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà ni iye ọdún tí òfin fi lélẹ̀ pé olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bí ó bá ti pé e. Títí di ọdún 2022, ọmọ ọdún 60 ni, tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tí ó sún un sí ọmọ ọdún 65, tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Àríyànjiyàn wà lórí bóyá àyípadà yìí ṣe àwọn olùkọ́ àgbà lóore tàbí ó di kún ẹrù wọn.

Ìtàn

Kí ó tó kan àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ni ìjọba ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn mìíràn. Òfin ọdún 2012 fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ní àǹfààní láti ṣiṣẹ́ títí di ọmọ ọdún 70. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí í ṣe Àyájọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun yóò fi ọdún márùn-ún kún ti àwọn olùkọ́. Ọdún 2023 ni a ṣe àtúnṣe sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè, tí ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga fi di 70.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn olùkọ́ ìjọba. Nítorí náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti gba òfin náà wọlé kí ó tó lè múlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan tètè gbà á, àwọn mìíràn falẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, olùkọ́ ìpínlẹ̀ tí ó wà ní Ọ̀tùn-Èkìtì, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà lápá àríwá Èkìtì, ń wo Adó-Èkìtì kí ó tó wo Àbújá, nítorí ibẹ̀ ni owó oṣù rẹ̀ àti ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti ń wá.

Oríṣi ààlà méjì

Kí a tó lè dáhùn bóyá ìsúnsíwájú ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì bá ẹ̀tọ́ mu, ó yẹ kí a ya oríṣi ààlà méjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ọjọ́ tí ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ìfẹ̀yìntì. Èkejì ni ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí, bí òṣìṣẹ́ fẹ́, bí ó kọ̀.

Ààlà àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ Faransé sún láti ọmọ ọdún 62 sí 64 nínú òfin ọdún 2023, tí àwọn òṣìṣẹ́ fi tú jáde sígboro. Òun náà ni Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́, sún fún àwọn obìnrin láti 60 sí 66 láàárín ọdún 2010 sí 2020. Àwọn obìnrin tí a bí ní àwọn ọdún 1950 fi ẹ̀hónú hàn pé a kò kìlọ̀ fún àwọn tó.

Ààlà kejì ni òfin àwọn olùkọ́ Nàìjíríà sún. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ ṣáájú ọmọ ọdún 65 lè lọ. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, níbi tí agbanisíṣẹ́ ti ń dá ìdá 10 nínú 100, tí òṣìṣẹ́ sì ń dá ìdá 8, ẹni tí ó bá fẹ̀yìntì lẹ́yìn tí ó ti pé ọmọ ọdún 50 lè bẹ̀rẹ̀ sí gba owó láti inú àpamọ́ rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣì ń lo ètò àtijọ́, nínú èyí tí ìjọba nìkan ń san gbogbo owó náà.

Àǹfààní fún àwọn olùkọ́ àgbà

Owó oṣù ju owó ìfẹ̀yìntì lọ, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ẹni 60 ọdún ni ó sì ṣì ní ọmọ nílé ìwé gíga. Ẹni tí ó pẹ́ wọṣẹ́ tún ń jèrè: ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 30 lè lo ọdún 35 dípò 30. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 20 yóò lọ ní 60 dípò 55; ogójì ọdún rẹ̀ yóò ti pé kí ó tó dé 65. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá kò ní tètè pàdánù ìrírí, nítorí bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Àtakò

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ń dúró de àyè, àti pé ìgbéga àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ yóò falẹ̀. Wọ́n tún ń tọ́ka sí ìwọ̀n ẹ̀mí ọmọ Nàìjíríà, tí ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi sí nǹkan bí ọdún 55. Ó yẹ kí a ṣọ́ra pẹ̀lú iye yìí, nítorí ikú àwọn ọmọdé ni ó fà á wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti pé 60 sábà máa ń lò ju ọdún 10 lọ sí i.

Àtakò tí ó wúwo jù ni ti owó ìfẹ̀yìntì fúnra rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, òṣìṣẹ́ a máa dúró fún ọdún púpọ̀ kí ó tó rí gírátúítì rẹ̀ gbà, ìyẹn owó tí a ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹni tí ó fẹ̀yìntì. Olùkọ́ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tí ẹsẹ̀ kò gba ìdúró mọ́, lè lo ọdún márùn-ún náà nítorí pé ó ń bẹ̀rù ohun tí yóò jẹ bí ó bá lọ. Òfin kò fi ipá dá a dúró, ṣùgbọ́n àìrówó gbà dá a dúró. Níbi tí a bá ti ń san owó ìfẹ̀yìntì lásìkò, ọdún márùn-ún yìí jẹ́ ẹ̀bùn tí olùkọ́ lè gbà tàbí kí ó kọ̀. Níbi tí a kò bá ti ń san án, ó ṣòro láti pè é ní yíyàn.