Ta ni Olùwà? Ìró àti Gírámà Ẹ̀ka-Èdè Kurdish ní Abúlé Bahdinan

Bahdinan jẹ́ ilẹ̀ olókè ní àríwá Ìráàkì, níbi tí ìlú Akre àti ọ̀pọ̀ abúlé kéékèèké wà. D. N. MacKenzie ṣe ìwádìí nípa Kurdish ibẹ̀ ní 1954 sí 1955, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú *Kurdish Dialect Studies* (1961 àti 1962). Ohun tó mú ẹ̀ka-èdè yìí yẹ ní àgbéyẹ̀wò ni pé ó di àwọn àbùdá gírámà kan mú tí ẹ̀ka-èdè Sulaimani ní gúúsù ti pàdánù.

Ní ti ìró, /v/ ń jẹ yọ níbi tí Sulaimani ti ń lo /w/: *av* ni ‘omi’ ní Akre, *aw* ni ní Sulaimani. Ní ti ọ̀rọ̀-orúkọ, Akre ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo: *kurê min* ni ‘ọmọkùnrin mi’, *kiça min* ni ‘ọmọbìnrin mi’. *-î* kan ṣoṣo ni Sulaimani ń lò fún méjèèjì.

Èyí tó jinlẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ olùwà. Nínú Yorùbá, *mo* ni olùwà, *mi* ni àbọ̀: *mo rí ọ*, *o rí mi*. Bahdinan ní irú ìyàtọ̀ yìí: *ez* àti *min* fún ẹni kìíní, *tu* àti *te* fún ẹni kejì. Sulaimani kò ní ju *min* àti *to* lọ. Nínú *ez te dibînim*, ‘mò ń rí ọ’, *-im* tó parí ọ̀rọ̀-ìṣe bá *ez* mu. Ṣùgbọ́n bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ti kọjá, ìlànà yí padà: *min tu dîtî*, ‘mo rí ọ’. Olùṣe gba ìrísí *min*, ẹni tí a rí gba *tu*, *-î* sì bá ẹni tí a rí mu. Ó dà bí ìgbà tí Yorùbá bá ń sọ pé mi rí o*. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí kì í gba àbọ̀ kò sí nínú ìyípadà yìí: *ez hatim* ni ‘mo wá’. Nítorí náà, ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń bá mu lè yàtọ̀ síra.

Ní 1988, ìkọlù Anfal pa ọ̀pọ̀ abúlé Bahdinan run, ó sì tú àwọn ará ibẹ̀ ká. Òfin Ìráàkì ti 2005 sọ Kurdish di èdè ìjọba pẹ̀lú èdè Lárúbáwá, láìsọ ẹ̀ka-èdè wo. Bí a bá fi Sulaimani nìkan kọ gírámà Kurdish, ìyàtọ̀ akọ àti abo, àti ti *ez* àti *min*, kò ní sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣì wà lẹ́nu àwọn ará Bahdinan. Ìkìlọ̀ kan náà kan ẹni tó ń ti inú Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan sọ̀rọ̀ nípa gbogbo Yorùbá.