Búrẹ́dì Àná Pẹ̀lú Ẹ̀fọ́ Tútù

Ẹ̀yin ìyálé ilé Gbàgádà, bí búrẹ́dì àná bá ti le, ẹ má tíì jù ú nù. Àwọn ará Tuscany ní Ítálì a máa rẹ ẹ́ sómi, wọn a fún omi rẹ̀ dànù, wọn a sì pò ó mọ́ tòmátì, àlùbọ́sà, kùkúńbà, òróró àti fínígà. Panzanella ni orúkọ rẹ̀. Ẹ ó rí ẹ̀fọ́ wọ̀nyí rà ní Mile 12.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra! Iná kò kan oúnjẹ yìí, àrùn onígbáméjì sì jà ní Èkó ní 2024. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ọbẹ; omi tí a sè tí ó ti tutù ni kí ẹ fi ṣan ẹ̀fọ́, kí ẹ sì fi rẹ búrẹ́dì. Èyí tí ó bá ti bu, ẹ dà á nù pátápátá, nítorí bíbu náà a máa ta gbòǹgbò wọnú. Ẹ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà.