Ẹyin Mẹ́ta láti Cape Crozier: Ìrìn-àjò Ìgbà Òtútù Ọdún 1911 àti Ìmọ̀ nípa Pẹ́ńgúìnì Ọba-ńlá

Ìfáàrà

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní sáyẹ́ǹsì, èsì ni a sábà máa ń bá pàdé: a béèrè ọ̀rọ̀, a ṣe ìwádìí, a rí ìdáhùn. Kò wọ́pọ̀ kí a ka ìtàn ìwádìí tí àwọn olùwádìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá lọ, tí wọ́n mú ohun tí wọ́n wá lọ dé ilé, ṣùgbọ́n tí ìbéèrè tí ó rán wọn níṣẹ́ kò já mọ́ nǹkan mọ́ nígbà tí ìdáhùn fi dé. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1911 ní Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tí ó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé. Ẹyin ẹyẹ mẹ́ta péré ni wọ́n kó bọ̀ níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rí dì mú ni bí tíọ́rì ṣe ń bí iṣẹ́, àti bí iṣẹ́ ṣe lè wúlò lẹ́yìn tí tíọ́rì tí ó bí i ti wó.

Ẹyẹ tí ń yé ẹyin nínú òkùnkùn

Pẹ́ńgúìnì jẹ́ ẹyẹ tí kì í fò. Apá rẹ̀ ti di àjẹ̀; inú omi ni ó ti ń ṣe ohun tí ẹyẹ yòókù ń ṣe ní òfuurufú. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ni a ó máa pè ní pẹ́ńgúìnì ọba-ńlá, kí a má baà ṣì í mú fún èkejì rẹ̀ kan tí ó kéré sí i, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní ọba lásán. Ó ga ju mítà kan lọ, ó lè wọn 40 kìlógíráàmù nígbà tí ó bá sanra, ó sì lè rì wọnú òkun kọjá 500 mítà nígbà tí ó bá ń wá oúnjẹ.

Ìgbà tí ó ń yé ẹyin ni ó ya ènìyàn lẹ́nu. Nítorí pé ayé dagun bí ó ti ń yí oòrùn po, nígbà tí àríwá bá kọjú sí oòrùn, gúúsù a kọ ẹ̀yìn sí i. Fún ìdí èyí, oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ni àárín ìgbà òtútù ní Antarctica, oòrùn kì í sì í yọ rárá ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀. Àkókò yìí gan-an ni ẹyẹ náà yàn. Orí yìnyín òkun, ìyẹn omi òkun tí ó dì mọ́ etí ilẹ̀, ni wọ́n ń kóra jọ sí. Abo a yé ẹyin kan ṣoṣo, a gbé e fún akọ, a sì gba òkun lọ láti wá oúnjẹ. Kò sí ìtẹ́, kò sí koríko. Orí ẹsẹ̀ ni akọ ń gbé ẹyin lé, tí yóò fi awọ ikùn rẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ 64. Bí a bá ka ọjọ́ tí ó ti dé ibẹ̀ mọ́ ọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́rin tí kò fi ní fi nǹkan kan ẹnu. Wọn a fún ara wọn pọ̀ gádígádí kí ooru ara ọ̀kan lè ran èkejì lọ́wọ́, wọn a sì máa sún díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà jẹ́ pé ẹnì kan náà ni afẹ́fẹ́ ń bá jà títí.

Ìyà yìí ní ìdí. Ọmọ tí a bá pa nígbà òtútù yóò ti tó wọ omi ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní, nígbà tí oúnjẹ pọ̀ nínú òkun.

Tíọ́rì tí ó rán wọn níṣẹ́

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ernst Haeckel, onímọ̀ ará Jámánì, gbé àbá kan kalẹ̀ pé ọlẹ̀ ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ń gba gbogbo ipele tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti gbà kọjá. Dókítà Edward Wilson, olórí àwọn onísáyẹ́ǹsì nínú ikọ̀ Ọ̀gágun Robert Falcon Scott, ka pẹ́ńgúìnì ọba-ńlá kún ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ tí ó pẹ́ jù láyé. Ó wá rò ó pé bí òun bá rí ọlẹ̀ inú ẹyin rẹ̀ nígbà tí kò tíì dàgbà, ó ṣeé ṣe kí ó fi hàn bóyá ara ìpẹ́ àwọn ẹran afàyàfà ni ìyẹ́ ẹyẹ ti ṣẹ̀. Ìrìn-àjò kan tí ó ti bá Scott rìn ṣáájú, láti 1901 sí 1904, ni wọ́n ti rí ibùdó àwọn ẹyẹ náà ní Cape Crozier, tí wọ́n sì mọ̀ pé ìgbà òtútù ni wọ́n ń yé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹyin náà ní láti lọ nínú òkùnkùn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, ọdún 1911, Wilson, Henry Bowers àti Apsley Cherry-Garrard kúrò ní Cape Evans. Cherry-Garrard jẹ́ ọmọ ọdún 25, ojú rẹ̀ kò sì ríran jìnnà. Òtútù kò jẹ́ kí ó lè lo awò ojú rẹ̀. Ọ̀nà náà lé díẹ̀ ní 100 kìlómítà. Wọn kò mú ajá tàbí ẹṣin lọ. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń wọ́ ẹrù tí ó ju 340 kìlógíráàmù lọ, lórí pátákó gígùn méjì tí a ṣe láti máa yọ̀ lórí yìnyín. Ṣùgbọ́n yìnyín kò yọ̀. Nígbà tí òtútù bá le kọjá ààlà, ìyẹ̀fun yìnyín kì í yọ́ lábẹ́ pátákó mọ́. Ńṣe ni ó ń dà bí iyanrìn. Nígbà púpọ̀, pátákó kan ni wọ́n lè wọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí wọn yóò sì padà wá mú èkejì, tí ó fi jẹ́ pé máìlì mẹ́ta ni wọ́n ń rìn kí wọ́n tó jèrè ẹyọ kan.

Òtútù inú ẹ̀rọ tí a fi ń mú ẹja dì nínú ilé jẹ́ nǹkan bí 18 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ti àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kọjá 60 ní ọjọ́ kan. Cherry-Garrard sọ pé òun jáde nínú àgọ́ ní òwúrọ̀ kan, òun gbójú sókè wò yíká, aṣọ òun sì dì gan-an bẹ́ẹ̀, tí òun kò lè tẹ orí ba fún wákàtí mẹ́rin tí àwọn fi ń wọ́ ẹrù.

Ní Cape Crozier, wọ́n fi òkúta kọ́ ahéré, wọ́n sì fi aṣọ nínípọn ṣe òrùlé rẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹyẹ péré ni wọ́n bá, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń retí. Wọ́n rí àwọn kan tí kò ní ẹyin, tí wọ́n gbé òkúta yìnyín lé ẹsẹ̀, tí wọ́n ń sàba lé e. Nínú ẹyin márùn-ún tí wọ́n mú, méjì fọ́. Lẹ́yìn náà ni ìjì dé. Ó gbé àgọ́ wọn lọ, ó ya òrùlé ahéré náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dùbúlẹ̀ nínú àpò ìsùn wọn, wọ́n ń kọ orin ìsìn. Bí kò bá jẹ́ pé wọ́n rí àgọ́ náà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nígbà tí ìjì rọlẹ̀, a kò ní gbọ́ ìtàn yìí. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ni wọ́n padà dé.

Ohun tí ẹyin náà sọ

Wilson àti Bowers bá Scott dé ìpẹ̀kun gúúsù ní oṣù Kìíní, ọdún 1912, lẹ́yìn tí Roald Amundsen, ará Norway, ti ṣáájú wọn débẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú sínú àgọ́ kan nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀. Cherry-Garrard nìkan ni ó kù láti gbé ẹyin lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní London ní ọdún 1913, níbi tí ó sọ pé wọn kò fi ọ̀yàyà gba òun. Ó di ọdún 1934 kí ìròyìn ìkẹyìn tó jáde lórí ọlẹ̀ inú àwọn ẹyin náà: wọn kò fi ohun púpọ̀ kún ìmọ̀. Nígbà náà, àwọn onímọ̀ ti pa àbá Haeckel tì. Lónìí a sì mọ̀ pé pẹ́ńgúìnì kì í ṣe ẹyẹ àtètèdáyé bí Wilson ti rò.

Àwọn kan ka gbogbo rẹ̀ sí òfò. A kò fara mọ́ èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò ní sọ pé ẹyin mẹ́ta tó ẹ̀mí ènìyàn. Ìbéèrè Wilson ṣeé dán wò. Ohun tí ó sì lè bì í wó wà nínú ẹyin náà bí ohun tí ó lè tì í lẹ́yìn. Àbá tí kò ṣeé bì wó ni ó yẹ kí a máa fura sí nínú iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọkùnrin náà ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí wọn kò torí rẹ̀ lọ: iye ẹyẹ tí ó wà níbẹ̀, àkókò tí wọ́n ń yé, àti irú yìnyín tí wọ́n dúró lé.

Ọ̀rọ̀ yìnyín yìí ni ó wá di pàtàkì. Ìyẹ́ ọmọ pẹ́ńgúìnì kì í kọ omi kí ó tó pààrọ̀ rẹ̀. Bí yìnyín òkun bá fọ́ ṣáájú oṣù Kejìlá, omi tàbí òtútù ni yóò pa ọmọ náà. Sátẹ́láìtì ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣọ́ àwọn ibùdó wọ̀nyí báyìí. Ìgbẹ́ ẹyẹ tí ó ń pa yìnyín láwọ̀ ni wọ́n ń wò láti òkè. Àwòrán ọdún 2009 fi hàn pé wọ́n tó nǹkan bí 238,000 tọkọtaya. Ní ọdún 2022, yìnyín tètè fọ́ ní Òkun Bellingshausen, nínú ibùdó márùn-ún tí ó wà ní agbègbè náà, mẹ́rin ni ó pàdánù ọmọ wọn. Ní Halley Bay, ọdún mẹ́ta léra, láti 2016 sí 2018, ni kò fi sí ọmọ tí ó yè tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ ibẹ̀ sì kó lọ sí ibùdó tí ó súnmọ́ wọn, níbi tí yìnyín ṣì ti lágbára.