Níkẹ́lì Kì í Ṣe Ìbejì Bàbà

Wáyà tí iná ń gbà kọjá máa ń gbóná, owó wa ló sì ń jó nínú ooru yẹn. Ìdí tí èmi olùkọ́ físíìsì fi fẹ́ràn superconductor nìyẹn: bí òtútù rẹ̀ bá ti tó, iná á máa gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́ kankan.

Ní 1986, Bednorz àti Müller rí i nínú èròjà bàbà àti ọ́síjìn. Níkẹ́lì tó jókòó ti bàbà nínú tábìlì kẹ́mísírì ńkọ́? Ó di 2019 kí Danfeng Li, Harold Hwang àti ẹgbẹ́ wọn ní Stanford tó rí i ṣe, ní kelvin 9 sí 15.

Ṣé bákan náà ni elétírọ́ọ̀nù ń ṣe nínú méjèèjì? Ibí ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn olùwádìí tan x-ray tó ní agbára nǹkan bí electronvolt 853 sí èròjà níkẹ́lì náà, torí agbára yẹn gan-an ni elétírọ́ọ̀nù níkẹ́lì máa ń gbà. X-ray tó padà jáde ti pàdánù díẹ̀ nínú agbára rẹ̀. Bí ìyá ṣe ń ka ṣéńjì ọmọ tó rán lọ sọ́jà, ohun tó dín ni wọ́n fi ń mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún.

Hepting àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣe ìdánwò yìí tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Nínú ti bàbà, ọ́síjìn àti bàbà wọnú ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Nínú ti níkẹ́lì, ọ́síjìn fà sẹ́yìn díẹ̀, elétírọ́ọ̀nù lanthanum tàbí neodymium tó wà nínú èròjà náà ló ń bá ti níkẹ́lì dà pọ̀. Ẹni tó ń pè wọ́n ní ìbejì ti yára jù, lójú tèmi.