Ẹni Tó Ń Dá Fèrè Fọn, Èwo Ni Kó Rà?

Ọ̀rọ̀ ọjà rírà náà ni, àmọ́ lóṣù yìí a kò sọ̀rọ̀ àgbàdo, a kò sì sọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì. Fèrè la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, fèrè páànù olójú ihò mẹ́fà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní tin whistle. Ẹnì kan lè ní kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú fèrè? Owó la fi ń rà á, òun ló kàn wá. Ọ̀pọ̀ ló ń ra èyí tí ọwọ́ wọn kò ká, tí wọ́n á sì lọ gbé e kọ́ sára ògiri. Bẹ́ẹ̀, owó tó kọ́ sára ògiri kì í bímọ.

Ilẹ̀ England ni fèrè yìí ti di ohun ọjà. Robert Clarke, alágbàṣe oko ní abúlé Coney Weston ní Suffolk, bẹ̀rẹ̀ sí í fi páànù ṣe é ní 1843. Ìtàn tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń sọ ni pé ó fẹsẹ̀ rìn dé agbègbè Manchester, ó ń ti ọmọlanke tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sí, ó ń ṣe fèrè, ó sì ń tà á lọ́nà. Ní Rochdale, tí kò jìnnà sí Manchester, ni àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣí ìsọ̀ wọn ní December 1844. Ẹ ò rí i pé fèrè yìí àti irú ẹgbẹ́ tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojúgbà! Fèrè mẹ̀kúnnù ni. Àwọn ará Ireland tẹ́wọ́ gbà á, wọ́n sì fi ń fọn orin ijó wọn títí dòní.

Bí a bá fi ìka dí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, do ni yóò dún. Bí a bá ṣí ihò ìsàlẹ̀ pátápátá, re ni. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gòkè lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí do rẹ̀ jẹ́ D. Ó gùn tó nǹkan bí íǹṣì 12, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì mú létí. Bí ọ̀pá fèrè bá ṣe ń gùn sí i ni ohùn rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀, bí ìyáàlù ṣe ń dún nísàlẹ̀ ju omele lọ. Fèrè B-flat tó nǹkan bí íǹṣì 15, A lé díẹ̀ sí i, G sì tó nǹkan bí íǹṣì 18. Èyí tí wọ́n ń pè ní low D fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24, nítorí pé ohùn rẹ̀ fi odidi do sí do lọ sísàlẹ̀ ju ti D kékeré lọ.

Low D yìí kì í ṣe ohun àtijọ́. Nígbà tí fèrè ọparun tí Finbar Furey, olórin ilẹ̀ Ireland, ń lò bàjẹ́, Bernard Overton ní ìlú Rugby ní England bá a wá nǹkan ṣe sí i. Páìpù alumíníọ̀mù ni wọ́n lò, ìgbìyànjú wọn ló sì bí low D ní 1971. Lẹ́yìn wọn ni Davy Spillane náà tún fọn ọ́n débi pé òkìkí rẹ̀ kàn. Ohùn rẹ̀ dùn, ó kún, ó ń bani sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kẹ́dùn. Adùn yìí gan-an ló ń mú kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ sáré lọ sanwó.

Ẹ rọra ná o. Ní Ireland, bí àwọn olórin bá jókòó pọ̀, inú D àti G ni ọ̀pọ̀ orin wọn wà, nítorí náà ẹni tí kò bá ní fèrè D á kàn máa wòran ni. Ẹni tó ń dá fọn ní yàrá rẹ̀ ńkọ́? Ta ló fẹ́ bá dọ́gba? Kò sẹ́nì kan. Bí a ṣe ń to ìka lórí D náà la ṣe ń tò ó lórí B-flat, A àti G. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan ti mọ gbogbo wọn. Òmìnira ńlá lèyí, kí ẹ má tà á lọ́pọ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó. Ọwọ́ ni àkọ́kọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ihò low D tóbi, wọ́n sì jìnnà síra débi pé orí ìka kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Oríkèé àárín ìka ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fọn fi ń dí i. Orí ìka lásán tó fún B-flat àti A. G wà láàárín: ọwọ́ kan á dé e, òmíràn á ṣe wàhálà. Ẹni tí oríkèé ìka bá ń dùn, kó má kọjá A. Ẹ bi olùtajà ní bí ihò kan ṣe jìnnà sí èkejì, ẹ sàmì sára igi ìgbálẹ̀, kí ẹ fi ìka lé e. Bí ìka bá ń na ara rẹ̀ tipátipá, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìkejì ni èémí. Fèrè ńlá ń jẹ èémí. Bí inú ọ̀pá bá fẹ̀, do ìsàlẹ̀ á ròkè lala, àmọ́ ohùn òkè á gba agbára. Bí ó bá tín-ín-rín, òkè á rọrùn, ìsàlẹ̀ á sì rẹlẹ̀. Ẹ fọn do jẹ́jẹ́ kí ẹ gbọ́ bóyá kò já, kí ẹ wá fọn ọ́n le díẹ̀ kó bọ́ sí do òkè.

Ìkẹta ni orin. Orin tó ń falẹ̀ ni ohùn ìsàlẹ̀ yẹ jù, nítorí pé ìka kò ní láti sáré. Ẹni tó fẹ́ràn orin ijó, kó má lọ jìnnà sísàlẹ̀. Ẹ sì rántí aládùúgbò yín: D kékeré a máa han létí nínú yàrá kékeré, B-flat a sì tù wọ́n lára díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Low D tí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe wọ́n gan-an. Owó rẹ̀ lè ra B-flat Generation bí mélòó kan. Bákan náà ni wọ́n ń gba owó sí i lórí fèrè tí ẹnu rẹ̀ ṣeé fà síwá sẹ́yìn láti mú ohùn rẹ̀ bá ti ẹlòmíràn mu. Ṣé ẹ ó bá dùùrù tàbí gìtá fọn ni? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Ohun tí a rí sí i nìyí: ẹni tó ń dá fọn, kó fi B-flat tàbí A bẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ àti èémí bá gbà á láàyè, kó wá bọ́ sí G, kó fi low D ṣe ìgbẹ̀yìn. Ẹni tó ní i lọ́kàn láti bá àwọn olórin Ireland jókòó lọ́la, òun ni kó ra D. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Fèrè tí ẹ ó máa gbé sẹ́nu lálaalẹ́ ló yẹ owó yín.