Ṣéènì Tó Ti Jẹ: Ìwé Ìlàlóye fún Ọlọ́kadà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ìwé yìí wà fún ọlọ́kadà tó ń ná Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, fún ẹni tó ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko Oríire wọ ìlú, àti fún tíṣà tó ń gun alùpùpù tirẹ̀ lọ sí iléèwé ní Ìlọrà. Ẹ̀yà mẹ́rin péré ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tó wà lára táyà ẹ̀yìn, ṣéènì tó so méjèèjì pọ̀, àti rọ́bà inú họ́ọ̀bù. Àwọn ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnì dé táyà. Ẹni tó bá ní sípánà, tẹ́ẹ̀pù télọ̀ àti sùúrù lè yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìnkùlé ara rẹ̀, kó sì pa wọ́n dà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fi í sápò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbé ọ̀kadà sórí dọ́bù sítáńdì, tí wọ́n á ki í sí jíà kìíní, tí wọ́n á wá fi àkísà mú ṣéènì bó ṣe ń yí, kó lè tètè mọ́. Ibẹ̀ ni ìka ń bá lọ. Àkísà ló máa kọ́kọ́ wọ àárín ṣéènì àti eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, ìka á sì ti tẹ̀ lé e kí ẹni náà tó pariwo. Ẹ fi jíà sí nútírà, ọwọ́ ni kí ẹ sì fi máa yí táyà, díẹ̀díẹ̀.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ gbọn-in, kí ẹ gbé ọwọ́ náà sókè. Ẹ má da bẹntiróòlù tàbí ọ́ìlì sí i. Bí ìka bá já, ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù díẹ̀ wé e, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ so ẹnu ọ̀rá náà, kí ẹ tó gbé e lé orí yìnyín. Kí yìnyín má kan ìka náà fúnra rẹ̀. Ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù ni kí ẹ gbà lọ, kì í ṣe ilé mẹkáníìkì tàbí kẹ́míìsì. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ti LAUTECH àti ti Bowen. Ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn ipá, nítorí irin àti ẹrẹ̀ ló ya ẹran ara yẹn.

Ohun tó ń jẹ ẹ́

Hans Renold, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ṣéènì yìí ní 1880, bó sì ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Píìnì wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀ṣì bo píìnì, róólà bo bọ́ọ̀ṣì. A máa ń sọ pé ṣéènì “ti fà”, àmọ́ irin rẹ̀ kò fà rárá. Píìnì àti bọ́ọ̀ṣì ló ń ha ara wọn títí àlàfo fi wà láàárín wọn. Erùpẹ̀ pupa ọ̀nà oko àti eruku ọyẹ́ a máa pò mọ́ ọ́ìlì tó lẹ̀ mọ́ ṣéènì, wọ́n á sì máa lọ irin náà bí ọlọ ti ń lọ ata. Àlàfo ojú kan kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ojú ṣéènì ọ̀kadà lé ní ọgọ́rùn-ún, kí ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹ nu ẹ̀gbẹ́ ṣéènì yín, ẹ ó rí nọ́ńbà lára rẹ̀. 428 ló wọ́pọ̀ lára Bajaj Boxer àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn alùpùpù kéékèèké mìíràn ń lo 420. Fífẹ̀ wọn yàtọ̀, nítorí náà ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, àmọ́ láti píìnì dé píìnì, ààbọ̀ ínṣì ni àwọn méjèèjì, ìyẹn mìlímítà 12.7.

Ẹ fi ọwọ́ fa ṣéènì kó le. Ẹ gbé orí tẹ́ẹ̀pù lé àárín píìnì kan, ẹ ka píìnì yẹn ní ení, kí ẹ kà á lọ títí dé píìnì kọkànlélógún. Àlàfo ogún ló wà láàárín wọn. Bí ṣéènì bá jẹ́ tuntun, ínṣì 10 gééré ni tẹ́ẹ̀pù máa sọ, mìlímítà 254. Bó bá ti di 259, iṣẹ́ ṣéènì yẹn ti parí. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta, torí ó lè jẹ níbì kan ju ibòmíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ yí táyà kí ẹ sì máa wò ó: bí ṣéènì bá le níhìn-ín tó sì rọ̀ lọ́hùn-ún, kò jẹ dọ́gba nìyẹn.

“Ọ̀gá, ẹ bá mi yọ ojú kan kúrò.” Kò sí mẹkáníìkì tí kò tíì gbọ́ ọ rí, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń ṣe é nítorí oníbàárà ò lówó. Òótọ́ ni pé ṣéènì á kúrú. Ṣùgbọ́n àlàfo inú gbogbo ojú tó kù ṣì wà níbẹ̀, róólà kò sì ní jókòó sí ìsàlẹ̀ eyín mọ́. Orí eyín ni á máa gùn, á sì máa jẹ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Owó ojú kan tí ẹ yọ yẹn, ẹ ó fi ra sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Ṣéènì náà sì lè fò lójú ọ̀nà, kó wé mọ́ táyà ẹ̀yìn nígbà tí trélà wà lẹ́yìn yín.

Eyín àti rọ́bà

Ẹ di ṣéènì mú lẹ́yìn pátápátá lára sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, ẹ fà á sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí ìdajì eyín lábẹ́ rẹ̀, ó ti jẹ. Ẹ wá wo eyín náà fúnra rẹ̀. Eyín tuntun dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Èyí tó ti jẹ á mú ṣóńṣó, á sì tẹ̀ sí apá kan bí ìwọ̀ ẹja. Ẹ má ṣe wo ti ẹ̀yìn nìkan. Bí ti iwájú bá ní eyín 14, tí ti ẹ̀yìn ní 42, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ti iwájú máa yí kí ti ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan, òun ló sì máa ń tètè jẹ. Abẹ́ kọ́bà ló wà, ìdí nìyí tí a fi máa ń gbàgbé rẹ̀.

Rọ́bà inú họ́ọ̀bù ló ń gba ìjà jíà mọ́ra. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, kí ẹ fọwọ́ mi sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá síwá sẹ́yìn. Bó bá ń lọ tó ń bọ̀ gan-an tí táyà kò mì, rọ́bà ti jẹ. Ariwo “kò” tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá tú klọ́ọ̀ṣì, òun ni.

Ìpàdà

Ẹ ra ṣéènì àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì pọ̀. A mọ̀ pé ọjà gbóná, ṣùgbọ́n ṣéènì tuntun lórí eyín tó ti tẹ̀ kì í pẹ́ láyé.

Kí ẹ tó tú ṣéènì àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹ fi jíà sínú, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Ṣéènì yẹn gan-an ló máa di sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú mú tí kò fi ní yí mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti tú ṣéènì kúrò á máa fi òòlù àti ṣíṣẹ́ẹ̀lì jà, ó sì lè ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dá jíà padà sí nútírà. Bí ẹ bá fẹ́ ti ṣéènì tuntun gba abẹ́ kọ́bà, ẹ so orí rẹ̀ mọ́ ìdí ti àtijọ́, kí ẹ fà á kọjá.

Lọ́ọ̀kì ṣéènì, èyí tó di orí ṣéènì méjèèjì pọ̀, ní ẹnu kan tó là, àti ẹ̀yìn tó dí. Ẹ̀yìn tó dí yẹn ni kí ó kọjú sí ibi tí ṣéènì ń sáré lọ. Bí ẹ bá wò ó lápá òkè ṣéènì, iwájú ọ̀kadà ló gbọ́dọ̀ kọjú sí. Èyí tí a bá fi sódì lè yọ fúnra rẹ̀.

Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ọ̀pá táyà ẹ̀yìn, kí ẹ yí àjọ́sítà ọ̀tún àti òsì ní iye kan náà. Àmì wà lára fọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tí ẹ lè fi wé. Ẹ fi ìka gbé ṣéènì ìsàlẹ̀ sókè láàárín. Mìlímítà 25 sí 35 ló yẹ kó lè rìn fún ọ̀pọ̀ ọ̀kadà. Bí ìwé alùpùpù yín bá sọ ohun mìíràn, ti ìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a fà á le gan-an. Nígbà tí èèyàn méjì bá gùn ún pẹ̀lú àpò gàrí kan, ṣọ́ọ̀kì á wọlé, ṣéènì á sì túbọ̀ le, débi tí á fi máa fa bẹ́rìn ẹ́ńjìnì. Ẹ di nọ́ọ̀tì ọ̀pá táyà náà le, kí ẹ tún ṣéènì wò. Táyà tó sún sẹ́yìn ti yí bíréèkì ẹ̀yìn padà, nítorí náà ẹ tún un ṣe kí ẹ tó gùn ún, kí ẹ sì dá kọ́bà ṣéènì padà sáyè rẹ̀. Ìró àti híjáàbù àwọn tí ẹ ń gbé sẹ́yìn wà nínú ewu bí kò bá sí níbẹ̀.

Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi fọ ṣéènì, kì í ṣe bẹntiróòlù. Nípa ọ́ìlì, jíà ọ́ìlì 90 dára ju girísì lọ, nítorí girísì kì í dé ibi tí píìnì wà. Ìta ló ń jókòó sí, tó ń kó eruku. Ẹ kán ọ́ìlì náà sínú ṣéènì ìsàlẹ̀ nígbà tí ṣéènì ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ní alẹ́, kí ẹ nu èyí tó kù dànù ní òwúrọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 500 kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa ṣe é. Fún ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lójoojúmọ́, nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún nìyẹn. Bí òjò bá pa á, ẹ má dúró dìgbà náà. Ṣéènì tuntun a sì máa dẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ tún un wọ̀n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.