Kámẹ́rà Fídíò Wo Ló Tọ́ fún Eléré Tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀?

Ní Olúpọ̀nnà, nítòsí Ìwó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, kò ṣòro láti rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ eré í ṣe. Wọn a máa ṣe é nínú ìjọ nígbà Àjíǹde àti Kérésìmesì, wọn a sì máa ṣe é nílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n alẹ́ tí wọ́n bá ṣe eré náà ni ó máa ń parí sí. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀, wọ́n nílò kámẹ́rà fídíò. Owó tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè dá jọ kì í pọ̀. Bí wọ́n bá ṣi kámẹ́rà rà, ó lè pẹ́ gan-an kí wọ́n tó lè dá irú owó bẹ́ẹ̀ jọ mọ́.

Báwo wá ni a ṣe lè fi owó díẹ̀ yan kámẹ́rà tí ó dára? Ìdáhùn wa ni pé: kí a kọ́kọ́ ro bí a ó ṣe gba ohùn, kí a tó ro bí a ó ṣe ya àwòrán.

Ohun Tí Àwọn Tí Ó Ṣáájú Ṣe

Nígbà tí Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde ní 1976, tí olóògbé Hubert Ògúndé sì gbé Aiyé jáde ní 1979, orí fíìmù sẹ́lúlọ́ìdì ni wọ́n ṣe é sí. Òkè òkun ni a ti ń fọ irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, agbára ọ̀pọ̀ eléré kò ká a mọ́, wọ́n sì yíjú sí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Orí fídíò ni Kenneth Nnebue gbé Living in Bondage jáde sí ní èdè Ígbò ní 1992. Ẹgbẹ́ Mount Zion, tí Mike Bámilóyè dá sílẹ̀ ní 1985, tí a sì mọ̀ mọ́ Ilé-Ifẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí kan náà, fi fídíò gbé Agbára Ńlá dé ọ̀pọ̀ ilé àti ìjọ ní àwọn ọdún 1990.

Ní 2015, wọ́n fi fíìmù Tangerine hàn ní àjọ̀dún Sundance ní Amẹ́ríkà. Fóònù iPhone 5s ni Sean Baker fi ya àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ mìíràn tí ó péye ni wọ́n fi gba ohùn rẹ̀.

Ohùn Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò

Èdè olóhùn ni èdè Yorùbá. Ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí òjò orí páànù tàbí ariwo jẹnẹrétọ̀ bá bo ohùn òṣèré mọ́lẹ̀, òwe tí ó pa ti ṣòfò. Ènìyàn lè fara da àwòrán tí kò mọ́ tó, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ sú u láti jókòó ti ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́.

Máìkì tí ó wà lára kámẹ́rà jìnnà sí ẹnu òṣèré. Nítorí náà, ẹ wo ara kámẹ́rà bóyá ó ní ihò tí a lè ki wáyà máìkì bọ̀, àti ihò mìíràn fún ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tí a ń fi sí etí. Bí kò bá ní ihò fún máìkì, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fóònù ni ẹ ó lò, ẹ ra máìkì kékeré tí a ń fi há ẹ̀wù. Ẹ tún lè fi fóònù kejì pamọ́ sẹ́bàá òṣèré kí ó máa gba ohùn. Ẹ kàn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ó lè rọrùn láti so ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán nígbà tí ẹ bá ń tò ó.

Ìmọ́lẹ̀ àti Iná Mànàmáná

Kò sí kámẹ́rà tí kì í ya àwòrán dáadáa nínú oòrùn. Inú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì ni kí ẹ ti dán an wò. Bí àwòrán bá kún fún èérún bí iyanrìn, ẹ mọ̀ pé eré alẹ́ yóò ni yín lára.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Iná mànàmáná ilẹ̀ Nàìjíríà ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Kámẹ́rà tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà sábà máa ń ya àwòrán 30 tàbí 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán rẹ̀ sì lè máa ṣẹ́jú lábẹ́ àwọn gílóòbù kan níhìn-ín. Nígbà mìíràn orúkọ a máa fi ibi tí ó ti wá hàn: oríṣi kámẹ́rà Canon tí wọ́n pè ní VIXIA ní Amẹ́ríkà ni wọ́n pè ní LEGRIA ní Yúróòpù. Èyí tí ó ń ya 25 tàbí 50 ni ó bá iná wa mu. Bí ti Amẹ́ríkà bá ti wà nílẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó gbà kí a yí ìyára ìṣíjú rẹ̀ sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá. Ṣíṣẹ́jú náà yóò dín kù.

Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Nọ́ńbà Ara Páálí Tàn Yín

Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé kámẹ́rà lè fa ohun tí ó jìnnà mọ́ra ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ẹ béèrè èyí tí dígí ojú rẹ̀ ń ṣe. Èyí tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ń ṣe kàn ń fẹ àwòrán ni, ó sì ń bà á jẹ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ 4K. Ìlọ́po mẹ́rin àwòrán 1080 ni, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ wúwo. Bí kámẹ́rà 1080 bá ń kọ mẹ́gábíìtì 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí kan yóò gba nǹkan bíi gígábáìtì 11 lórí káàdì. Bí 4K bá ń kọ 100, yóò gba 45, kọ̀ǹpútà tí kò lágbára kò sì ní lè tò ó. Fún eré tí a ó wò lórí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ilé, 1080 tó.

Ní ti tòkunbọ̀, ẹ yẹra fún èyí tí ń lo kásẹ́ẹ̀tì MiniDV, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó, nítorí pé kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti ọ̀nà láti gbé e sínú kọ̀ǹpútà ti ṣọ̀wọ́n. Èyí tí ń lo káàdì ni kí ẹ rà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi yàwòrán fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ wo bí bátìrì ṣe ń lọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi etí gbọ́ ohun tí ó gbà.

Bí A Ó Ṣe Pín Owó

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí a bá pín owó ẹgbẹ́ sí ọ̀nà mẹ́wàá, ìmọ̀ràn wa ni pé kí kámẹ́rà má ṣe gbà ju mẹ́fà lọ. Kí ìyókù ra máìkì, ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò ní jẹ́ kí àwòrán máa gbọ̀n, bátìrì kejì nítorí iná tí ń lọ tí ń bọ̀, àti káàdì kejì. Ẹgbẹ́ tí ó bá ná gbogbo owó rẹ̀ sórí kámẹ́rà yóò padà gbọ́kàn lé máìkì ara rẹ̀, ibẹ̀ sì ni eré ti ń bàjẹ́.

Bí ìyá kan ní Olúpọ̀nnà bá wo eré náà dé òpin, tí ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ̀ sọ láìbi ẹnikẹ́ni pé, “Kí ni ó wí?”, owó tí ẹgbẹ́ dá kò ṣòfò.